Ooru Ló Kọ́ Ìlú Ahmedabad

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ sí Íńdíà, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá?" Àwa kì í lọ síbẹ̀ ṣe fàájì. Iṣẹ́ abẹ ló ń gbé ẹlòmíràn lọ, ọjà ló ń gbé ẹlòmíràn, ìwé kíkà ló ń gbé àwọn ọmọ wa. Àwa yòókù, inú fíìmù la ti mọ Íńdíà, níbi tí àwọn olólùfẹ́ méjì ti máa ń sáré yí igi ká, tí òjò á sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí.

Nígbà tí mo wá sọ pé Ahmedabad ni mo ń lọ, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, àti pé inú oṣù Karùn-ún ni, ọmọ Íńdíà kan tó ń tajà ní Èkó ló kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn èèyàn òun tó ń gbé níbẹ̀ pàápàá, bí owó bá wà lọ́wọ́ wọn, orí òkè Mount Abu ni wọ́n ń sá lọ ní àsìkò yẹn.

Owó ló gbé mi lọ nígbà náà, n kò ní purọ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì ni àlejò máa ń ya wọ Gujarat. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní, tí wọ́n ń ṣe ọdún Uttarayan, kò sí òrùlé kan ní Ahmedabad tí èèyàn kì í kún tí wọ́n ń fa okùn káìtì, ẹni tí kò bá sì ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́, yóò wá ibùsùn tì. Tó bá di oṣù Karùn-ún, àwọn onílé àlejò ló ń bẹ èèyàn. Ilé onípákó àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di hòtẹ́ẹ̀lì ni mo dé sí, láàárín ìlú àtijọ́ gan-an, owó tí mo san kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà nígbà ọyẹ́. Àmọ́ owó tí mo rò pé mo fi pa mọ́ yìí ló kéré jù nínú èrè ìrìnàjò náà. Ahmedabad jẹ́ ìlú tí ẹ kò lè mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tura. Ẹni tó bá lọ ní oṣù Kejìlá máa rí ọnà àti ẹwà. Ẹni tó bá lọ nígbà ooru ló máa rí ohun tí wọ́n ń fi ọnà yẹn ṣe.

Súlútáànì Ahmad Shah ló tẹ ìlú náà dó ní 1411, sí etí odò Sabarmati. Òwú àti aṣọ híhun ló sọ ọ́ di olówó, pàápàá láti 1861 tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2017, àjọ UNESCO ka ìlú àtijọ́ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí irú oyè bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́.

Àwa tí a ti Èkó wá máa ń rò pé kò sí ẹni tó lè kọ́ wa ní ooru. Ooru tiwa, ooru olómi ni. Ó ń mú wa làágùn, aṣọ á lẹ̀ mọ́ wa lára, ara á sì tètè mọ̀ pé ìyà ń jẹ òun. Ti Ahmedabad kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhà aṣálẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó gbẹ bí ọyẹ́ oṣù Kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n gbígbóná ló ń gbóná. Òógùn kì í dúró lára. Bó ṣe ń yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, iyọ̀ funfun tó gbẹ mọ́ ọrùn aṣọ nìkan lẹ óò rí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ewu wà. Èèyàn lè ti máa pàdánù omi ara láti àárọ̀ kó má fura, àfìgbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí òòyì sì ń kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2016, ooru ìlú yìí dé 48°C, èyí tó ga jù nínú àkọsílẹ̀ wọn. Síbẹ̀, ti ọdún 2010 ló yí ìlú náà padà. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ooru dé 46.8°C, nígbà tí wọ́n sì ka àwọn tó kú nínú oṣù náà, wọ́n fi 1,344 ju iye tó máa ń kú ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí iná, kò sí àgbàrá, kò sí ilé tó wó. Inú ilé àti lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn èèyàn ti ń kú. Ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, abẹ́ òrùlé gan-an, ní àjà tó ga jù, ni yàrá àwọn ọmọ tuntun wà. Àwọn dókítà kíyè sí i pé ooru ló ń dá àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀. Wọ́n kó wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, iye àwọn ọmọ tí ooru ń dá lágara sì dínkù.

Ní 2013, ìjọba ìlú náà gbé ètò kan kalẹ̀ lórí ooru, irú èyí tí ìlú kankan kò tíì ní rí ní gbogbo gúúsù Éṣíà. Iṣẹ́ ètò náà kò lọ́jú pọ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ á sọ bí ooru yóò ṣe rí ní ọjọ́ mélòó kan sí i. Bí ó bá ju 41°C lọ, wọ́n á kéde àwọ̀ yẹ́lò, bí ó bá ju 43°C lọ, àwọ̀ ọsàn, bí ó bá sì dé 45°C, àwọ̀ pupa. Ilé ìwòsàn á kó yìnyín jọ, wọ́n á gbé omi mímu sí ojú pópó, wọ́n á rọ àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn sinmi lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun òrùlé àwọn ilé tálákà ní funfun, kí oòrùn lè ta padà. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé ètò yìí ń gba ẹ̀mí tó tó 1,190 là lọ́dọọdún. Ọ̀dà funfun, ìkéde àti omi tútù ni ohun èlò rẹ̀. Ìjọba tí kò bá lè ṣe èyí, kì í ṣe pé kò lówó.

Èmi alára kò jí ju aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí lọ nígbà tí mo wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ní Ahmedabad gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kó tó di aago mẹ́wàá. Ìlú àtijọ́ náà pín sí àwọn agbo ilé tí wọ́n ń pè ní pol. Ẹnu ọ̀nà kan ni pol sábà máa ń ní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n máa ń tì lálẹ́ láyé àtijọ́. Àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tàbí tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan náà, ló ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀nà inú pol tóóró débi pé bí màlúù bá ń bọ̀ níwájú, ẹ óò fara mọ́ ògiri kí ó kọjá. Ilé ọ̀tún àti ti òsì ga, àjà òkè wọn sì yọ síta lórí òpó onípákó tí wọ́n gbẹ́ ẹṣin, ẹyẹ àti òdòdó sí lára. Àlejò tó bá wá lásìkò òtútù máa ráhùn pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ní aago méjì ọ̀sán oṣù Karùn-ún, tí mo yà kúrò lójú títì tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń rọ̀, tí mo wọ inú pol kan, mo mọ ohun tí àwọn tó kọ́ ọ ń lé kiri. Òjìji ni wọ́n kọ́. Àfi ní ọ̀sán gangan ni oòrùn tó rí ilẹ̀ ibẹ̀.

Ní orígun pol kọ̀ọ̀kan, wọ́n sábà máa ń ri òpó kan mọ́lẹ̀ tó ní ilé kékeré lórí, fún àwọn ẹyẹ láti jẹun. Nígbà ooru, omi ni àwọn ọmọ ń gùn ún lọ bù sí. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń fi í ṣe tẹ́lẹ̀.

Màmá tó ni ilé tí mo dé sí ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Àgbàlá wà láàárín ilé náà, òfo láti ilẹ̀ dé ojú ọ̀run, ara rẹ̀ sì ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde lọ sókè. Lábẹ́ òkúta tí wọ́n tẹ́ sí àgbàlá yìí ni kòtò omi kan wà tí wọ́n fi ẹfun rẹ́ nínú. Tanka ni wọ́n ń pè é. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fọ òrùlé lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á darí omi sínú kòtò, wọn á sì máa mu ún títí òjò mìíràn yóò fi dé. Màmá ní kí n tọ́ ọ wò. Omi ọdún tó kọjá, ó tutù, kò sì ní òórùn kankan.

"Ẹ̀yin náà ń tọ́jú omi òjò nílé yín?" Ohun tí màmá bi mí nìyẹn.

Mo dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn ilé àtijọ́ wa ní àkòdì tí ó yí àgbàlá ká, tí òrùlé rẹ̀ sì da orí kọ inú, kí wọ́n lè fi ìkòkò gbe omi òjò. Màmá tún béèrè pé ṣé ilé bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbé. Mo ní rárá, ilé tí mo ń gbé ní gíláàsì níwájú, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà. Màmá wo ọmọ ọmọ wọn, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò sì túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mi ò bínú. Bí mo ṣe dé òdìkejì odò, níbi tí Ahmedabad tuntun wà, ilé onígíláàsì kan náà ni mo bá pàdé, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń tu ooru sórí àwọn tó ń kọjá lójú títì.

Láàárín ìlú àtijọ́, mọ́sálásí ńlá tí Ahmad Shah kọ́ parí ní 1424 ni gbogbo èèyàn ń lọ wò. Òpó 260 ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró, gogoro rẹ̀ méjèèjì sì ti wó nínú ilẹ̀ tó mì ní 1819. Ó tóbi, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ àgbàlá rẹ̀, òkúta náà sì gbóná débi pé àwọn àgbààgbà tó ń lọ kírun ń sáré bí ọmọdé láti orí ẹní kan dé orí ẹní kejì. Inú gbọ̀ngàn tutù. Mo bá àwọn baálé ilé mélòó kan níbẹ̀ tí wọ́n na ara wọn sílẹ̀ láàárín àwọn òpó, tí wọ́n ń sùn dúró de ìrun Àsárì.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù kéré sí i gan-an. Ní 1572 sí 1573, nígbà tí ọba àwọn Mughal, Akbar, ń bọ̀ wá gba Gujarat, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sidi Saiyyed kọ́ mọ́sálásí kan sí igun ìlú. Ọmọ Áfíríkà ni Sidi Saiyyed, láti ilẹ̀ Hábáṣà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó di ọmọ ogun àti ìjòyè láàfin àwọn súlútáànì. Àwọn ìran wọn ṣì wà ní Gujarat títí dòní, Sidi ni wọ́n ń pè wọ́n. Lára ògiri mọ́sálásí náà ni àwọn fèrèsé òkúta wà tí wọ́n gbẹ́ ní ihò wínníwínní. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ igi, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń lọ́ mọ́ra wọn dé ìkángun fèrèsé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ kọjá lára aṣọ. Àwòrán rẹ̀ ti di àmì Ahmedabad, ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òkòwò tó lókìkí níbẹ̀ sì mú tirẹ̀ láti inú rẹ̀. Fèrèsé àárín nìkan ni wọ́n fi òkúta dí pa, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ogun ló dé bá wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ìta ni gbogbo àlejò ti ń ya fèrèsé yìí ní fọ́tò. Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ní ìyálẹ̀ta. Oòrùn tó ń pa èèyàn lójú pópó ti di ẹyọ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀, kò lè jó ẹnikẹ́ni mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú àwọn ihò yẹn wọlé sì ń fẹ́ lé yín lójú. Mo jókòó níbẹ̀ títí tí olùtọ́jú mọ́sálásí fi bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó na ọwọ́ sókè sí fèrèsé, ó ní, "Ará yín ló ṣe é." Hábáṣà àti Èkó jìnnà síra wọn gan-an, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi lọ sí Adalaj, nǹkan bíi kìlómítà 18 sí àríwá. Kẹ̀kẹ́ yìí kan náà, ti ilé iṣẹ́ Bajaj ti Íńdíà, ló kún ojú títì tiwa, nítorí náà mo mọ bí mo ṣe máa jókòó. Aṣọ tútù ni awakọ̀ fi wé orí àti ọrùn, ó sì ń dúró rẹ ẹ́ lómi níbikíbi tí wọ́n bá gbé ìkòkò omi sí. Irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń wá àdúrà ló ń gbé ìkòkò amọ̀ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, omi inú rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Mo bi awakọ̀ pé kí ló dé tí kò sinmi lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ó ní, "Ìjọba ò bá mi san owó ilé ìwé ọmọ, bọ̀dá." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé ẹni tó ń wo ooru gẹ́gẹ́ bí àlejò ní yàrá tó máa sá padà sí.

Kànga ni Adalaj, ṣùgbọ́n kànga tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wọ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta láti ìhà mẹ́ta ló pàdé ní àjà àkọ́kọ́ lábẹ́ ilẹ̀, láti ibẹ̀ ni ẹ óò ti máa sọ̀kalẹ̀ dé àjà karùn-ún tí omi wà. Òpó àti igi àjà rẹ̀ ni wọ́n fi òkúta gbẹ́ láti òkè délẹ̀: erin, àwọn obìnrin tó ń po wàrà, òdòdó, ìkòkò. Ọdún 1499 ni wọ́n kọ sára òkúta pé ó parí, Ayaba Rudabai ló sì parí rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkọ rẹ̀, ọba ilẹ̀ náà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kú sógun, pé Súlútáànì Mahmud Begada tó ṣẹ́gun fẹ́ fi opó náà ṣaya, tí òun sì ní àfi kó kọ́kọ́ bá òun parí kànga. Ọjọ́ tó parí ni ayaba bẹ́ sínú rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àròsọ ni, ohun tí ojú mi rí ni pé ọnà Híńdù àti ọnà Mùsùlùmí wà lára òpó kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì pa èkejì rẹ́.

Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ara mi ń tù. Ní àjà kẹta, mo tú bọ́tìnnì aṣọ mi. Àwọn obìnrin abúlé kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń ṣa ewébẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pọn omi mọ́, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kànga ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Ibi ìpàdé obìnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ooru kò lè tẹ̀ lé wọn dé.

Ní ọgbà Gandhi létí odò, níbi tó ti gbé láti 1917, n kò pẹ́. Ilé rẹ̀ mọ níwọ̀n, ilé ìrántí tí Charles Correa yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1963, kò sì ní gíláàsì kankan: òrùlé amọ̀, ògiri bíríkì, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìhín ni Gandhi, ẹni ọgọ́ta ọdún, ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1930 pẹ̀lú èèyàn 78, tí wọ́n fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 385 lọ sí Dandi létí òkun láti lọ bu iyọ̀ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí wọ́n bù. Ọjọ́ 24 ni wọ́n fi rìn ín. Mo ti ka ìtàn yìí láti ilé ìwé, ṣùgbọ́n n kò ronú kan ooru tó wà nínú rẹ̀ rí.

Alẹ́ ni Ahmedabad ń gbádùn ayé ní oṣù Karùn-ún. Wọ́n á bu omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ibùsùn gun òkè, odidi ìdílé á sì sùn lábẹ́ ìràwọ̀. Kó tó dìgbà náà, gbogbo ìlú á ti kọjá sí Manek Chowk. Ọjà wúrà àti fàdákà ni ibẹ̀ lọ́sàn-án. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà bá ti ilẹ̀kùn, àwọn olóúnjẹ á gbé tábìlì síta títí di ọ̀gànjọ́. Ẹni tó bá ń retí bíà tútù kó gbàgbé ẹ̀, òfin Gujarat ti lé ọtí jáde láti 1960. Ohun tí wọ́n ń mu ni chaas, wàrà kíkan tí wọ́n là lómi, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, òun ló sì ń dá iyọ̀ tí òógùn kó lọ padà sára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mángòrò Kesar, láti agbègbè Gir. Wọ́n á fún un bí ògì, wọ́n á bù ú sínú abọ́, ẹ óò sì máa fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín gé e jẹ. Àwọn tó ń lọ ní oṣù Kejìlá kò lè jẹ ẹ́. Èmi, ìyẹn nìkan tó mi láti sọ pé wọ́n pàdánù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe mú ọmọ ọwọ́ tàbí àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru dání ní àsìkò yìí. Fún irú wọn, oṣù Kejìlá ló dára. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nítorí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ gba yàrá sí inú pol, kì í ṣe òdìkejì odò. Ẹ jáde ní ìdájí, ẹ padà wọlé kó tó di aago mọ́kànlá, kí ẹ sì tún jáde nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Nígbà tí oṣù Kẹfà bá ń parí lọ, òjò á dé, mángòrò á sì kúrò lórí igbá.